Wáyà Pupa Lára Ẹ̀rọ Kòmì

Ẹ bá mi wo Kòmì, ẹ wò ó dáadáa, torí òun gan-an fẹ́ràn kí wọ́n máa wo òun. Orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ ti sọnù sẹ́nu àwọn ará ibi iṣẹ́ tipẹ́. Kòmì ni wọ́n ń pè é, nítorí bó bá ti parí ẹ̀rọ kan, á fọwọ́ lu tábìlì, á ní, "Iná tèmi? Kò mì!" Á tún un sọ, bí ẹni pé ẹnì kan ń bá a jiyàn.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kì í ṣe kékeré, ká má purọ́ mọ́ ọn. Iná bátìrì nìkan ò lè gbé fíríìjì. Ẹ̀rọ Kòmì ló ń gba iná náà, tó ń gbé fóltì rẹ̀ sókè dé ibi tí fíríìjì ń fẹ́. Kọ̀ǹpútà kan tí kò tóbi ju èékánná lọ ló ń bójú tó o nínú. Ìgbà àìmọye láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń bèèrè pé, "Ó ti tó àbí kò tó?" Bó bá kéré, á fi kún un, bó bá pọ̀, á dín in kù. Kòmì ló ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yẹn ń tẹ̀ lé.

Àṣẹ náà sì jọ ẹni tó kọ ọ́. Kòmì kì í fara balẹ̀ tún nǹkan ṣe. Bí àwọn ìbejì rẹ̀ bá rẹ́rìn-ín díẹ̀ nílé, á ní ariwo ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá dákẹ́, á ní ta ló kú? Ìyá Ìbejì, ìyàwó ẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń sọ pé, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ilé yìí mí." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ ẹ̀. Fóltì á fi díẹ̀ wálẹ̀, kọ̀ǹpútà á tì í sókè kọjá ààlà; kó tó fara balẹ̀ lókè, á tún ti gbá a wálẹ̀ gbì. Lọ́jọ́ tí Kòmì kọ́kọ́ so ó mọ́ fíríìjì, gílóòbù ń tàn, ó ń ṣú, mọ́tò fíríìjì ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ó wá so wáyà àyẹ̀wò mọ́ ọn, ìyẹn wáyà gígùn tí wọ́n fi ń wo bí iná ṣe ń rìn, kó lè rí ohun tó ń ṣe é. Áà! Ni ẹ̀rọ bá dúró wámúwámú. Ó yọ wáyà, wàhálà dé. Ó dá a padà, àlàáfíà. Wáyà yẹn ló ń sẹ́ ariwo kéékèèké inú iná, ìyẹn mímì díẹ̀díẹ̀ rẹ̀, kúrò kó tó dé etí kọ̀ǹpútà, ni kọ̀ǹpútà ò fi jáyà mọ́. Ẹ ò rí nǹkan bí? Ẹ̀rọ kọ́ iṣẹ́ ojú ayé! Bí wọ́n bá ń wò ó, ó ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n sáà gbójú kúrò, wèrè bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí orí ẹ̀ pé á padà lọ tún àṣẹ yẹn kọ, á ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣe jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn ni pé Kòmì á dúró láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀, á ní tòun mì. Kòmì kẹ̀? Ó fi wáyà sílẹ̀ síbẹ̀, ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àyẹ̀wò ṣì ń lọ." Àyẹ̀wò lọ títí, gbogbo ibi iṣẹ́ mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Máníjà ilé iṣẹ́ wọn wá kéde pé ilé ìwòsàn kékeré tí Ìyá Ìbejì ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ń lọ. Bó bá yọrí sí rere, Kòmì ni ọ̀gá tuntun. Máníjà wo wáyà tó rọ̀ dirodiro, ó ní, "Èyí ò dùn ún wò."

"Sà, ó... ó wúlò, sà," Kòmì dáhùn.

Máníjà ronú díẹ̀. "Ẹ kùn ún ní pupa. Ojú Tí Kì Í Sùn la ó máa pè é. Àwọn oníbàárà á fẹ́ràn ẹ̀."

Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Kòmì náà pàtẹ́wọ́, tiẹ̀ tilẹ̀ pẹ́ ju tàwọn yòókù lọ.

Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, yàrá oògùn kún fọ́fọ́. Ìyá Kòmì gan-an wà níwájú, ó gbé àpò abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà ẹ̀ lé itan, torí inú fíríìjì tí ẹ̀rọ Kòmì ń gbé ni yóò máa wà láti ọjọ́ náà lọ. Àwọn tó gbé tiwọn wá náà tò sẹ́yìn ẹ̀. Bí oògùn yẹn bá gbóná, ó bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ àfìgbà tí àìsàn bá dá èèyàn wó. Fíríìjì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, máníjà ń ròyìn Ojú Tí Kì Í Sùn. "Ọmọ mi ló ṣe é o," ni ìyá ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í.

Ìyá Ìbejì ni kò fẹ́ràn wáyà tó ń wọ́ nílẹ̀ níbi tí ọmọdé ti ń sáré. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dì í mú.

"Má yọ ọ́!" Kòmì kígbe.

Gbogbo ojú yí sí i.

"Kí ló dé, Bàbá Ìbejì? Bí mo bá yọ ọ́ ńkọ́?"

"Kò... kò ní ṣe nǹkan kan. Ṣá má yọ ọ́."

Ìyá Ìbejì ò fi wáyà sílẹ̀. Ó wo ọkọ ẹ̀ lójú kòrókòró. "Ó dáa. Ṣé kí n kó oògùn Màmá síbẹ̀?"

Kòmì wo máníjà, tó ń ṣẹ́jú sí i wéréwéré. Ó wo àpò tó wà lórí itan ìyá ẹ̀. Ipò ọ̀gá wà níwájú ẹ̀, ó kù kó nawọ́ gbà á. Ó dùn ún o, ká sòótọ́, ó dùn ún dọ́kàn.

"Rárá," ó ní. "Ẹ má kó nǹkan kan síbẹ̀. Bí wáyà yẹn bá jábọ́, mọ́tò fíríìjì á jó, oògùn á bàjẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Máníjà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹ ò rí i, ilé iṣẹ́ àwọn kì í purọ́! Kálukú ti ń gbé àpò oògùn ẹ̀.

Ìyá Kòmì nìkan ni kò dìde. "Ọmọ mi," ó ní, "ká ní èmi ò wá lónìí, tó jẹ́ tàwọn èèyàn wọ̀nyí nìkan ni wọ́n fẹ́ kó síbẹ̀, ṣé wàá ti sọ̀rọ̀?"

Obìnrin kan ń pọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi eyín di àpò abẹ́rẹ́ ọmọ náà mú. Kòmì ń wò ó, ojú ìyá ẹ̀ ni kò lè wò.