Àmì tó wà lábẹ́ "mẹ"

Agogo márùn-ún ìdájí ò tíì lù tí mo fi gbé ọkọ̀ kúrò ní apátímẹ́ǹtì mi ní Mansfield. Ìrìn náà ò tó wákàtí kan, aago mẹ́jọ ni wọ́n sì ń retí wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́ kí n sùn. Kì í ṣe èmi ni ọsibítù kan ní Irving fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, Chị Lan ni. Wọ́n fẹ́ di ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti kùnà lẹ́ẹ̀kan nítorí Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo sì ń kọ́ wọn ní àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá láti oṣù mẹ́ta. Tí wọ́n bá tún kùnà, mi ò mọ ojú tí màá fi wò wọ́n.

Ará Vietnam ni wọ́n. Ilé ìtọ́jú arúgbó kan náà la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Chị ni ẹ̀gbọ́n obìnrin lédè wọn. Àwọn náà kì í pe àgbà lórúkọ lásán, bíi tiwa.

Nígbà tí mo yà gbé wọn nílé wọn, wọ́n gbé bánh mì wọnú ọkọ̀: búrẹ́dì gígùn tí wọ́n fi ẹran àti kárọ́ọ̀tì kíkan há nínú.

"Àbúrò, jẹun, o ń gbọ̀n."

"Ẹ̀yin lẹ máa gbọ̀n, kì í ṣe èmi."

"Wo ọwọ́ ẹ lórí sítíárìn."

A ra gáàsì ní Arlington (bẹntiróòlù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí) àti kọfí dọ́là méjì, a sì bọ́ sí fíríwéè, ọ̀nà márosẹ̀ wọn. Nílé, fèrè ọkọ̀ ì bá ti gba ìgboro kan. Níbí, iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Mo ti kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sórí káàdì bí a ṣe ń kọ Yorùbá, kí ìró wọn lè hàn. Èyí tó le jù ni meticulous, ìyẹn ẹni tó fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ láìfi ohun kékeré sílẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí: mẹtíkúlọ́ọ̀sì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dé "mẹ", ohùn wọn á já lulẹ̀ gbì, bí ẹni gbé odó sílẹ̀.

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣebí ìwọ lo fi àmì sábẹ́ ẹ̀. Lédè wa, àmì abẹ́ ló ń mú ohùn balẹ̀."

Mo gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àmì abẹ́ kàn ń sọ fún ẹnu pé kó là sí i ni. Àṣé èmi ni mo ń ṣì wọ́n lọ́nà látọjọ́ yìí! Ojú tì mí débi pé omi lé sí i.

"Ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́."

"Má pa á rẹ́. Mẹ ni ìyá lédè wa." Wọ́n gbá káàdì náà mọ́ àyà. "Aránṣọ ni ìyá mi. Bí ojú rírán kan bá wọ́, wọ́n á tú gbogbo ẹ̀, wọ́n á tún un rán. Fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀."

Nígbà tí a dé ọsibítù náà, tí wọ́n wọlé, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń gbàdúrà, mo sì tún ń bẹ̀rù pé àdúrà mi ò gùn tó. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jáde, bàtà gíga wọn lọ́wọ́.

"Ọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Mo sọ ọ́, wọn ò gbọ́. Mo tún un sọ, wọn ò gbọ́. Ni mo bá sọ ti ìyá mi àti aṣọ fún wọn. Ọ̀gá wọn ní, 'Ẹ̀n-ẹ́n, meticulous!' Mo ní, 'Ohun tí mo ń sọ látàárọ̀ nìyẹn!' Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín." Wọ́n wọ bàtà wọn. "Ọjọ́ Ajé ni mo máa bẹ̀rẹ̀."

Mo délé kí ọ̀sán tó pọ́n. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ńlá ló ń ṣílẹ̀kùn fúnni nílùú yìí. Èmi fúnra mi ń há wọn sórí nítorí ẹ̀rù. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá náà máa ń ní ìyá. Mo pe ìyá tèmi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Màámi. Ohùn yín ni mo kàn fẹ́ gbọ́."

"Ohùn lásán? O ti jẹun?"

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kan ti fún mi ní búrẹ́dì.