Ọbabìnrin Àwọsánmà àti Ẹ̀ṣọ́ Rẹ̀

Kò sí ẹni tí Ìyá Aránṣọ kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́yìn gbọ̀ngàn tí àwọn ará àdúgbò ti ń ṣeré orí ìtàgé, ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju abẹ́rẹ́ lọ. Olùdarí eré, akọ̀wé báńkì tó ti fẹ̀yìn tì, ó ní ìyẹn ò lè darí ewúrẹ́ wọlé. Ọmọbìnrin tó ń ṣe olú eré, ó ní ohùn rẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ó ṣáà ti jókòó sẹ́yìn ìkélé, ó ń yínmú sí ẹni tó wà níwájú.

Eré náà kì í yí padà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún àwọn òbí nígbà èwe wọn náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é fún àwọn ọmọ: ọmọ kan gun òṣùmàrè lọ sí ìlú àwọsánmà, ó ń wá ohùn ìyá rẹ̀ tó sọnù. Ọwọ́ Ọbabìnrin Àwọsánmà ni gbogbo ohùn tó bá sọnù wà. Lọ́dọọdún, Ìyá Aránṣọ ló ń rán ẹ̀wù ọbabìnrin yìí, ìyàwó olùdarí ló sì ń wọ̀ ọ́.

"Ẹ tiẹ̀ wo bó ṣe ń rìn," á wí fún ọkọ rẹ̀, "bí ẹni tí òkúta wà nínú bàtà rẹ̀. Ọbabìnrin kọ́, ọbabìnrin ni!"

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Dírẹ́bà, á la ẹnu láti fèsì, ìyàwó rẹ̀ á sì bá a parí ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n ṣe ń gbé nílé nìyẹn. Tí bàbá bá ní, "Omi yìí ti...", ìyá á ní, "Ó ti hó, mo rí i." Tí dókítà bá bi bàbá pé níbo ló ń dùn ún, ìyá ni yóò dáhùn, á sì júwe bó ṣe ń ta á. Àwọn aládùúgbò gbà pé bàbá náà kò mọ ọ̀rọ̀ sọ ni.

Lọ́dún yìí, ẹni tó ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ọbabìnrin kó kúrò ládùúgbò, àfi bí Bàbá Dírẹ́bà ṣe nawọ́ pé òun á ṣe é. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ẹ̀ṣọ́ ní nínú eré náà: "Ọbabìnrin, àlejò kékeré kan ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà." Bàbá ń sọ ọ́ níwájú dígí, ó ń sọ ọ́ ní balùwẹ̀, ó ń gbé ohùn sókè, ó ń gbé e sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pòṣé.

"Nítorí ọ̀rọ̀ tí kò kún ẹnu?"

Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ obìnrin yìí lọ́kàn tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wù ú kó wọ ẹ̀wù yẹn, kí ọkọ rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, kó sì yìn ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò gbọ́ ìyìn lẹ́nu rẹ̀ rí. Kò sì rò ó rí pé òun kì í fún un láyè.

Ọjọ́ eré pé, ìyàwó olùdarí jí, ohùn rẹ̀ ti há pátápátá. Igbe tó ń ké mọ́ àwọn ọmọ níbi ìdánrawò ló kó bá a. Olùdarí sáré wá sídìí ẹ̀rọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ọ̀rọ̀ ọbabìnrin?"

"Ọ̀rọ̀ ta ni mi ò mọ̀ níbí? Mo mọ ti gbogbo yín pátá."

Ó wọ ẹ̀wù, ó dé adé páálí, ó gúnwà. Ká má purọ́, ó yẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n ká aṣọ ìkélé, gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ẹ̀ṣọ́ wọlé tòun ti ọ̀kọ̀ onígi, ó dúró ṣánṣán, ó mí kanlẹ̀.

"Ọbabìnrin," ó ní, "àlejò..."

"Àlejò kékeré kan ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, mo ti gbọ́. Ní kó wọlé!"

Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn òbí tó mọ tọkọtaya náà tún rín in jù wọ́n lọ. Ẹ̀ṣọ́ pa ẹnu rẹ̀ dé, ó sì fẹ̀yìn rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Ọbabìnrin tiwa gbé àgbọ̀n sókè, ó rò pé òun ni wọ́n ń yẹ́ sí. Àwọn kan ò kúkú mọ̀gbà tí wọ́n ń fi àwọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí eré ọjọ́ àkọ́kọ́ parí, olùdarí bẹ̀ ẹ́ pé tí wọ́n bá tún ṣe é lọ́la, kó tún já ọ̀rọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, pé ó dùn mọ́ àwọn ọmọ. Kò tiẹ̀ dúró gbọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀ ló ń wá. Ó bá a lẹ́yìn ìkélé níbi tó ti ń bọ́ aṣọ ẹ̀ṣọ́.

"Dádì, báwo lẹ ṣe rí mi?"

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ìyá sì dúró dè é.

"Ó yẹ ọ́ gan-an ni," ó ní, ó sì gbé ọ̀kọ̀ onígi náà lé e lọ́wọ́. "Tó bá di ọ̀la, máa ṣe ti ẹ̀ṣọ́ mọ́ ọn. Nílé, mo fara mọ́ ọn. Níbí, gbólóhùn kan péré ni mo ní, o tún gbà á lẹ́nu mi."

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó kí olùdarí pé ó dàárọ̀, ó sì ń lọ sílé. Ìyá Aránṣọ dúró síbẹ̀ nínú ẹ̀wù ọbabìnrin, ó di ọ̀kọ̀ mú. Ó fẹ́ pè é padà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí yóò sọ.