Ẹyẹ Tí Mo Fi Agboòrùn Ṣe

Kannakánná kì í dúró kí àgbàdo gbó kí ó tó bà á jẹ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí ilẹ̀ ni ó ń wá. Yóò bà sórí ebè, yóò fi ẹnu mú ọ̀mùnú náà, yóò sì fà á tu, nítorí irúgbìn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló wù ú jẹ. Kò ní fẹnu kan ewé. Yóò fi í sílẹ̀ níbẹ̀, yóò sún sí èkejì. Bí a bá dé oko láàárọ̀, àwọn ọ̀mùnú náà ni a ó máa bá tí wọ́n tò lọ lórí ebè bí ẹni tó dùbúlẹ̀, tí gbòǹgbò wọn ń gbẹ nínú oòrùn.

Oko bàbá wa ni, lọ́nà Malete. Èmi ń gbé ìgboro Ìlọrin, mò ń tún fáànù ṣe nítòsí ọjà Ìpàta, mo sì ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́, nítorí n kò láǹfààní ilé-ẹ̀kọ́ ní kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó dúró ti oko. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti wà nílé ọkọ, òun nìkan ló kù sínú ahéré náà pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà rẹ̀. Ọdẹ ni, a sì máa ń sọ nínú ilé wa pé ọta rẹ̀ kì í lọ lásán.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó gbin àgbàdo, kannakánná sì tu ú tán. Àbúrò bàbá wa, tí í ṣe olórí ilé wa ní Gàmbàrí nínú ìgboro, ránṣẹ́ pè wá.

“O ti dàgbà,” ni ó wí fún ẹ̀gbọ́n mi. “Yàrá wà nínú ilé yìí. Wá jókòó, kí o máa bá wa kírun ní jámáà. Bí o bá ṣubú lóko, ta ni yóò gbọ́?”

“Bàbá, ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìrun kan dé òmíràn, kí ni ó ń dúró dè bí kò ṣe jánásà, ìrun tí a ń kí fún òkú?”

“Àṣé jánásà kì í dé oko!” ni bàbá náà dáhùn.

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n tún un gbìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kannakánná bá tún tu èyí, mo máa kó ẹrù mi wá sílé. Ṣùgbọ́n bí ó bá hù, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ̀rọ̀ yìí sí mi létí mọ́.”

“A ti gbọ́,” ni bàbá náà wí. “Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dúró nìyẹn. Bí àgbàdo bá hù, yóò wà lóko rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí kò bá hù, yóò wá jókòó sí Gàmbàrí.

Kò wù ú láti yìnbọn sí ohun tí kò ní jẹ, nítorí náà ó kọ́kọ́ mú mi lọ béèrè lọ́wọ́ àfáà. Àfáà ní kannakánná wà lára àwọn ẹ̀dá apanilára tí ẹ̀sìn yọ̀ǹda kí a pa. Ó sì rán wa létí pé kannakánná kan náà ni Ọlọ́run rán láti wa ilẹ̀, kí ọmọ Ádámọ̀ tó pa ọmọ ìyá rẹ̀ lè mọ bí a ti ń sìnkú. Nígbà tí a jáde, ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹyẹ tó mọ bí a ti ń sin nǹkan, ó yẹ kí ó mọ̀ pé ohun tí a bá ti sin, a kì í hú u.”

Aṣọ́komásùn wà lóko náà tẹ́lẹ̀, ẹ̀wù àtijọ́ lórí igi tí a dábùú. A ta téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì káàkiri ebè pẹ̀lú, kí ó máa dún nínú atẹ́gùn. Àwọn ẹyẹ náà bẹ̀rù wọn díẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀kan bà lé aṣọ́komásùn, ó su sí i léjìká. Ẹ̀gbọ́n mi wá sọ èrò rẹ̀ fún mi. Kannakánná gbọ́n. Bí wọ́n bá rí òkú ọ̀kan nínú ara wọn tó ń fì lórí ọ̀pá, wọn yóò sá fún ibẹ̀ títí ọ̀mùnú yóò fi le. Ọ̀kan ṣoṣo ti tó. Ṣùgbọ́n orí igi igbá, igi irú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ni wọ́n máa ń wà, ìbọn ṣakabùlà kò sì lè dé ọ̀hún.

“Ìwọ tó ń mú fáànù yí,” ni ó wí, “ṣe ẹyẹ kan fún mi tó lè gbọn ìyẹ́. Kí wọ́n rò pé èkejì wọn ti rí oúnjẹ. Kí wọ́n sún mọ́ mi dáadáa.”

Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, pé kí wọ́n sún mọ́ òun dáadáa. Ìbọn ni mo rò pé ó ń sọ.

N kì í kánjú. Lójoojúmọ́ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìpẹran Ìpàta, níbi tí kannakánná ti ń ṣa ìfun, mo sì ń wò wọ́n. Ẹyẹ ìtànjẹ àkọ́kọ́ tí mo ṣe, sílípáàsì àlòkù ni mo gé fún ara rẹ̀, mo wá fi ọ̀rá dúdú wé e. Mo so ìyẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gbé e. Kò dára, nítorí ọ̀rá ń dán bí omi nínú oòrùn. Kannakánná yí ká lókè, wọ́n sì lọ. Fún èkejì, mo lo ẹ̀rọ fáànù kékeré tó ń lo bátìrì. Èyí gbọn ìyẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó ń kùn, kì í sì í sinmi. Ohun tí mo rí ní ibi ìpẹran ni pé ẹyẹ kì í gbọn ìyẹ́ láìdáwọ́ dúró. Á gbọ̀n ọ́n bí ó bá fẹ́ bà, á tún gbọ̀n ọ́n bí èkejì bá fẹ́ gba ẹran lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹ̀rọ kò mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo fi agboòrùn dúdú kan tó ti ya ṣe. Aṣọ agboòrùn kì í dán. Irin rẹ̀ sì ti mọ bí a ti ń ṣí àti bí a ti ń pa dé; mo gé e kúrú, ó di egungun ìyẹ́. Mo gé fìlà funfun mi kan tó ti gbó, mo rán an mọ́ àyà rẹ̀, nítorí àyà kannakánná funfun. Mo wá so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn apẹja ń lò mọ́ ọn, kí ẹni tó wà ní ibùba lè máa fà á, kí ó sì dá a dúró nígbà tó bá yẹ.

Lásìkò náà ni olùkọ́ wa ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ nípa iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́. Nígbà tí mo ka tèmi, ìyá kan tó ń ta iṣu ní Ìpàta, tó máa ń jókòó níwájú mi, yíjú padà.

“Bàbá Fáànù! Àwọn ènìyàn ń lé kannakánná, ẹ̀yin ń tẹ́ ẹní fún un.”

Mo ní, “Ẹ̀yin náà ńkọ́? Iṣu tó dára jù lọ tí ẹ máa ń gbé síwájú àtẹ, ṣé kí oníbàárà lè sá ni?”

“Wàláì, ó ti mú mi!” Kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín.

A kọ́kọ́ dán ẹyẹ náà wò láìyìnbọn. Mo gbé e sórí ebè, mo kọ orí rẹ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ máa ń bà. Mo da ìfun díẹ̀ síwájú rẹ̀. A wọ inú ibùba tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn. Mo fà á, mo dákẹ́, mo tún fà á. Kò pẹ́ tí kannakánná mẹ́ta fi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń rìn tọ ìfun náà lọ.

“Wọ́n dé?” ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

“Wọ́n ti dé. Ẹ ò rí wọn ni?”

“Mo rí wọn. Ṣé o rò pé mi ò rí wọn?”

Inú rẹ̀ dùn púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, ó da gbogbo irúgbìn tó kù sínú omi, kí ó lè tètè hù. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pa ẹyẹ yẹn ná.” Ó ní, “Ọ̀la la máa pa á, ọ̀la la máa gbìn ín.” Irúgbìn tí a bá ti rẹ sómi, kò ṣeé dá padà sínú àpò mọ́.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, a wọ ibùba. Ó fi ìka tọ́ ẹ̀tù wò lẹ́nu ìbọn, ó ki ọta sí i, kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ rárá. Ìmọ́lẹ̀ là. Mo fa okùn. Kannakánná kan bà sápá òsì ẹyẹ agboòrùn, ó sì dúró láìmira.

“Apá òsì, Bọ̀dá,” ni mo sọ wúyẹ́wúyẹ́.

“Bìsìmílà,” ni ó wí, ìbọn sì dún.

Èéfín bo ojú wa. Nígbà tó máa ká kúrò, ẹyẹ gidi ti wà lórí igi igbá, ó ń ké. Èyí tí mo ṣe ni kò sí níbẹ̀ mọ́; okùn ọwọ́ mi ti fúyẹ́.

“Mo pa á, àbí?” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Mo rí i tó ń gbọn ìyẹ́. Mo rí i kedere.”

Mo ń ká okùn tó fúyẹ́ náà mọ́ ọwọ́ mi.

“Ìwọ, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Lọ gbé e wá.”

Mo lọ. Irin agboòrùn ti ká, ìyẹ́ kan sì ti fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Mo ṣa ìyókù wá, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ tọ́ ọ wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó kan irin, ó kan aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ wá dúró síbi funfun yẹn.

“Fìlà ni èyí,” ni ó wí.

“Fìlà mi ni, Bọ̀dá.”

Ó gbé e lé itan rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “O ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni ẹyẹ rẹ tàn jẹ.”

“Láti ìgbà wo ni ojú yín ti rí báyìí?”

“Ohun tó ń mira ni mo ṣì ń rí. Ohun tó bá ti dúró, kò sí fún mi mọ́.”

Kò tún ki ìbọn náà mọ́. Ó ní kí n gbé irúgbìn wá. Mo ní àwọn ẹyẹ náà ń wò wá láti orí igi. Ó ní òun ń gbọ́ wọn, pé irúgbìn tó ti mumi, ilẹ̀ ló kàn. Ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wá góńgó ebè, ó ń fi ọ̀pá lu ihò, èmi ń fi irúgbìn sí i, òun ń fi ẹsẹ̀ bò ó. A gbìn ín tán.

Kò dúró kí ó hù. Ó gbé àpótí rẹ̀ wá sí Gàmbàrí, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ìdí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jókòó sí báyìí. Bí ọmọdé bá sáré kọjá, á yíjú sí i. Bí àgbà bá dúró níwájú rẹ̀, á ní kí ó kọ́kọ́ sálámà, kí òun lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Mo dá lọ wo oko náà lẹ́yìn òjò. Àwọn ọ̀mùnú tí kannakánná fà tu ti wà nílẹ̀, wọ́n tò lọ. Ìyẹ́ agboòrùn tí n kò ṣà lọ́jọ́ yẹn há sínú koríko, atẹ́gùn ń ṣí i, ó ń pa á dé. Kannakánná kan dúró tì í, ó ń wa ilẹ̀.