Ọjọ́ tí Sàfú Kó Ẹrù Lọ sí Tema

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sinmi díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn Anago, ìyẹn àwọn Yorùbá oníṣòwò, ní Gẹ̀ẹ́sì ní Accra, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, nínú ṣọ́ọ̀bù ọṣẹ Ìyá Sàfú ní àdúgbò Tudu. Òfin mi kò ju ẹyọ kan lọ: gbólóhùn tí o bá fi ọ̀rọ̀ tuntun ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ ayé rẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, "move out" ni mo kọ sára pátákó. Mo ní, "Ẹni tó lọ sọ́jà tó ń padà bọ̀ kò tíì ṣe é. Ẹni tó ká ẹní, tó kó ìkòkò, tó lọ fi ibòmíràn ṣe ilé, òun ló 'move out'. Ta ló máa kọ́kọ́ lò ó?"

Sàfú dìde. Iléeṣẹ́ ẹja alágolo ní Tema ló ti ń ṣiṣẹ́, trotro, bọ́ọ̀sì akérò tó ń wọ̀ láti Accra lójoojúmọ́, sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àárẹ̀ pa á.

"I will move out on Saturday."

 Ìyá rẹ̀, tó wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà, yíjú sí i.

"Lọ sílé ta?"

"Mo ti gba yàrá ní Tema, Màámi."

"Mo ní sílé ta? Ọkọ wo ló gbé ọ?"

"Kò sí ọkọ. Iṣẹ́ ni. Màámi, mepa wo kyɛw..."

"Má fi Twi bẹ̀ mí! Ọmọbìnrin tí ẹnikẹ́ni ò sìn jáde, sísá ló sá. Bí o bá dá ẹrù rẹ gbé, má pè mí ní ìyá mọ́."

Ẹ sì mọ̀ ọ́n: nílé wa, àwọn obìnrin ilé ló ń sin ọmọ lọ, wọn a sì fomi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ kó tó wọlé. Sàfú fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ lọ láìgba àdúrà ìyá.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bẹ ìyá náà lọ́sẹ̀ náà. Ọṣẹ ló ń dì, kò wojú mi. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹ lọ sìn ín."

Mo lọ lóòótọ́ ní Sátidé. Ẹrù ti wà nínú ọkọ̀, awakọ̀ ń fun fèrè, Sàfú sì kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ tó tì pa. A dúró títí. Nígbà tó yá, Màámi yọ sí wa, garawa omi lọ́wọ́, ìdì aṣọ lábíyá. Mo fò sẹ́yìn. Mo rò pé èmi ló fẹ́ dà á lé lórí! Ó kọjá lára mi, ó wọ ọkọ̀, ó gbé garawa lé itan. Bẹ́ẹ̀ ló gbé omi náà títí a fi dé Tema.

Lẹ́nu yàrá náà ló tó sọ̀rọ̀. "Bọ́ bàtà rẹ." Ó bẹ̀rẹ̀, ó wẹ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ọ̀tún, òsì. "Ó yá, wọlé. Ilé rẹ nìyí."

Màámi ti lọ bá àwọn àgbà báyìí. Lábáké, àbúrò Sàfú, ló jogún ṣọ́ọ̀bù ọṣẹ. Sàfú ti gba ogún tirẹ̀ lọ́jọ́ náà ní Tema: aṣọ àlàárì tí ìyá rẹ̀ fi ṣe ìyàwó, tí ìyá náà fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ sórí ibùsùn yàrá yẹn. Ọkọ tó bá fẹ́ rí aṣọ náà, kó wá kan ilẹ̀kùn Sàfú.