Eyín Ìyá Àgbà àti Omi Abẹ́ Àpáta

Ìka rẹ̀ ń rùn fún ọṣẹ dúdú nígbà tí ó tì í bọ ẹnu mi. Mo gé e jẹ. Kò yọ ọ́.

"Gé e dáadáa," ni ìyá bàbá mi wí, "kí n lè mọ̀ pé àwọn yòókù ṣì lágbára."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú bí ẹni fi iṣu há ẹnu. Omi oníyọ̀ gbígbóná ń rú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Kí n tó tún ké, ó ti fa eyín tó ń dùn mí yọ, ó sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àárín rẹ̀ ti lu, ó dúdú bí èédú.

Ṣúgà ni. Bàbá mi máa ń gbé obì lọ sí Ìlọrin, bó bá sì ń bọ̀ á ra ṣúgà onígun fún wa. Abẹ́ ahọ́n la ń fi í sí títí a fi máa sùn lọ.

Eyín ìyá àgbà kò ní ihò kankan, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa rúsúrúsú wà níwájú rẹ̀, bí aṣọ funfun tí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ta sí. Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ ìró orín ata lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó kí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ọ̀bùn ni wọ́n ń pè é ní agbo ilé wa ní Odo-Owa. Orogún rẹ̀ kì í jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rín bá fẹ́ pa á, á fi etí ìborùn bo ẹnu.

Bàbá àgbà ti kú nígbà náà. Nígbà tí eyín mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ìyá àgbà ní òun ń mú mi lọ sí ilé bàbá òun, abúlé kan lábẹ́ àpáta lọ́nà Iloffa.

"Eyín kì í dun ọmọdé níbẹ̀," ló sọ fún bàbá mi. "N kò mọ ìdí. Jẹ́ kí n mú un lọ."

Láti inú pàlàpálá àpáta ni omi wọn ti ń kán sínú ìkòkò, ó tutù débi pé ó ń gan ni léyín. Lọ́jọ́ tí a dé, àwọn ìbátan rẹ̀ jáde wá pàdé wa. Mo wo ẹnu wọn: àgbà, ọmọdé, eyín gbogbo wọn dà bíi tirẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò jù mí lọ ń fi eyín pa èkùrọ́. Ẹnìkan fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mo tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ìyá àgbà sì la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìborùn rẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dún tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbé ibẹ̀ títí eyín mi tuntun fi hù tán. Àwọ̀ pupa náà ta sí wọn díẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò kò jẹ ọ̀kankan nínú wọn. Ibẹ̀ náà la sin ìyá àgbà sí.

Nígbà tí èmi náà di abiyamọ, mo gbé ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kan ní Ìlọrin. Ẹnu tèmi ló kọ́kọ́ wò.

"Omi ibo lẹ mu nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé?"

Mo sọ fún un. Ó ní nǹkan kan wà nínú òkúta àwọn ibì kan tó ń yọ́ sínú omi, kíún báyìí, tí ojú kò lè rí. Díẹ̀ rẹ̀ ń mú kí eyín ọmọdé le, kí ó má tètè jẹrà. Bó bá pọ̀ jù, á yí àwọ̀ eyín padà.

"Kì í ṣe ìdọ̀tí," ló wí. "Kò sí orín tó lè fọ̀ ọ́ kúrò."

Mo yà ní Odo-Owa bí mo ti ń padà bọ̀. Orogún ìyá àgbà ṣì wà láàyè, kò ní eyín mọ́. Mo sọ ohun tí dókítà wí fún un.

"Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi," ó wí, "ìyá àgbà yín gbé ọbẹ̀ wá fún mi. Mo ní kí wọ́n dà á fún ajá. Kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo sọ ọ́."

Ó ṣì ń dùn mí pé ìyá àgbà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà yẹn. Gbogbo òwúrọ̀ rẹ̀ nílé ọkọ ló fi ń run orín sí àbùkù tí kì í ṣe àbùkù. Lónìí, bí wọ́n bá ń fẹnu tẹ́ńbẹ́lú ẹnìkan níwájú mi, ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Àwọn ọmọ mi ní ìbéèrè mi ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.