Imú Bàbá Oníbúrẹ́dì

Lọ́jọ́ tí èéfín bo àdúgbò, abẹ́ aṣọ ìnura ni Bàbá Oníbúrẹ́dì wà, tó tẹrí sórí abọ́ omi gbígbóná, tó ń fa ooru símú. Ìyá Aránṣọ, aládùúgbò rẹ̀, sáré wọlé.

"Bàbá, búrẹ́dì yín ń jó o!"

"Irọ́ ni! Imú mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ ṣáà ṣíjú wò ó!"

"Ṣé ojú ni mo fi ń yan búrẹ́dì ni?"

Ẹ gbà mí! Òótọ́ ló sì sọ. Kò wo aago rí. Yóò dúró lẹ́nu ààrò, yóò dijú, yóò fa imú. Tó bá ti ní "Ó yá," kí ẹ kó o jáde. Àfi ìgbà tí imú náà dí, tí búrẹ́dì ń jó lójoojúmọ́, tí àwọn oníbàárà sì ń yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí wọ́n jọ ń po ìyẹ̀fun, ra aago wá. Bàbá fi aṣọ bò ó. Ó ní àlejò kì í wọlé kó máa pàṣẹ fún onílé.

Ẹ̀rù ba ọmọ náà pé iṣẹ́ bàbá òun máa tú. Ó fà á lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì wo imú náà.

"Kì í ṣe ikun nìkan, Bàbá. Inú imú yín ló wú. Eruku ìyẹ̀fun ló ń bá a jà. Ẹ máa fi aṣọ bo imú tẹ́ ẹ bá ń jọ ìyẹ̀fun. Kẹ́ ẹ sì se omi iyọ̀, tó bá tutù, kẹ́ ẹ fi fọ imú."

Bàbá so aṣọ mọ́jú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gé ihò síbi imú. "Imú yìí ni ọ̀gá mi. Ṣé kí n wá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn ni?"

Ọmọ rẹ̀ rán ihò náà pa. Omi iyọ̀ ṣe ìyókù: ó ń gba ọ̀tún wọlé, ó ń gba òsì jáde, Bàbá sì ń pe èèyàn wá wòran. Nígbà tó yá, imú là. Ohun tó kọ́kọ́ pariwo ni pé, "Ìyá Aránṣọ, ọbẹ̀ rẹ ń jó!"

"Irọ́ ni, Bàbá!"

Kó tó dé ìdáná, ìkòkò ti dúdú.

Bàbá ti sùn báyìí, ó ti re ibi àgbà ń rè. Lówùúrọ̀ tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ dá yan búrẹ́dì lẹ́yìn ìsìnkú, kò wo aago. Ó dúró síbi tí Bàbá máa ń dúró, ó dijú, ó fa imú. Ẹkún ti dí imú náà pa.

"Ọmọ Bàbá, búrẹ́dì ẹ ń jó o!" Ìyá Aránṣọ ló tún sáré wọlé.

"Irọ́ ni. Imú mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó lajú. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ìyá Aránṣọ mú èyí tó jó jù, ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán.

"Ti Bàbá gan-an nìyí," ó wí.