Irúgbìn Kọfí Lókè Ààrò

Oko kọfí bàbá mi wà lọ́nà Kuta. Kòkó làwọn ará ibẹ̀ ń gbìn, bàbá mi nìkan ló gbin kọfí. Nígbà tí ò sẹ́ni tó ń rà á mọ́, mi ò gé e. Mo kàn ń ro abẹ́ ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹbí ní àwọn fẹ́ ta ilẹ̀ náà fáwọn tó ń kọ́lé. Àbúrò mi ló wá sọ fún mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló tiẹ̀ ń mu kọfí yín? Ọ̀kẹ́rẹ́?”

Àwọn tó bá a wá rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí èso orí ẹ̀ pọ́n. Wọ́n gbà.

Mo ká àwọn tó pupa. Mo tẹ̀ wọ́n, kóró bọ́ síta, mo fomi fọ̀ ọ́, mo sá a síbòòji. Kọfí kì í ṣe àgbàdo. Èèyàn kì í fi irúgbìn ẹ̀ pamọ́ dọdún tó ń bọ̀. Tó bá ti gbẹ jù, ó ti kú nìyẹn. Ó yẹ kó tètè wọlẹ̀, ká fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Mo ti ro ẹ̀yìnkùlé dè é. Tí èyí bá ti hù, kí wọ́n gé tọ̀hún, kọfí bàbá mi ò tíì parẹ́.

Àfi bí àìsàn ṣe dá mi dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa n’Íbàdàn. Mo ní kí ìyàwó mi bá mi tọ́jú irúgbìn yẹn. Ó tọ́jú ẹ̀. Ó dì í sínú aṣọ, ó so ó kọ́ òkè ààrò kí èéfín lè máa rí i, bí ìyá ẹ̀ ṣe ń ṣe irúgbìn àgbàdo.

Mo pẹ́ kí n tó dé. Katapílà ti wó oko yẹn.

“Bàbá wọn, ẹ wò ó! Kòkòrò kan ò fẹnu kàn án!”

Inú ìyàwó mi ń dùn bó ṣe tú aṣọ náà sí mi lọ́wọ́. Kóró yẹn ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, “O ṣé o.”

Mo gbìn ín. Gbogbo ẹ̀. Mo da ojú ẹ̀ délẹ̀ bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Ìgbà tó yẹ kó hù kọjá. Mo wú ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́, inú ẹ̀ dúdú. Mo wú òmíràn. Bákan náà.

Àràárọ̀ nìyàwó mi ń bomi rin ín lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

“Bàbá wọn, ọ̀lẹ mà ni kọfí yìí o! Kò fẹ́ jí.”

Mo ní ó máa ń pẹ́ ni.

Mi ò lè sọ fún un. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́, má kà á fún ìyá àgbà ẹ. Ó ti ń pọnmi bọ̀ yẹn.